Àròkọ Alálàyé: Bí Ọdẹ Ṣe Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹranko Búburú Nínú Igbó

ÌBÉÈRÈ

Ṣe àlàyé ohun tí ó yẹ kí ọdẹ ṣe bí ó bá pàdé ẹranko búburú nínú igbó.

OHUN TÍ ÌBÉÈRÈ YÌÍ Ń FẸ́

Kí o tó mú gègé rẹ, ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ tí ó gba iwájú nínú rẹ̀ ni ‘ṣe àlàyé’. Wọn kò ní kí o pa ìtàn ọdẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò sì ní kí o ṣe àpèjúwe igbó. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ewu tí ó wà níbẹ̀, ohun tí ó ń fa ewu náà, ohun tí ọdẹ yóò ṣe, àti ìdí tí yóò fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí irú àròkọ yìí. Èkínní ni pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí ‘ọdẹ’ àti ‘igbó’, ọkàn wọn a lọ sí ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa iwin àti ọ̀rọ̀. Ìwé náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn àròsọ ni. Ẹni tí ó bá kọ iwin sí ibi tí a ti béèrè ẹfọ̀n kò dáhùn ìbéèrè. Àṣìṣe kejì ni ti ẹni tí ó kọ pé ‘ọdẹ yóò sá, yóò sì pariwo’, tí ó wá fi àdúrà kún ìyókù ojú ìwé. Ó hàn gbangba pé onítọ̀hún kò bi ọdẹ kankan léèrè rí.

Níbo ni o ti lè rí ìmọ̀ kó jọ? Ní Òṣogbo, ní Iléṣà, àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, kò ṣòro láti rí àgbà ọdẹ. Lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́. Dọ̀bálẹ̀ bí o bá jẹ́ ọkùnrin, kúnlẹ̀ bí o bá jẹ́ obìnrin, kí o sì kí i pé ‘Àrìnpa o’. Lẹ́yìn náà, bi í pé: ‘Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹran wo ni ó ń bà yín lẹ́rù jù?’ Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ẹran tí ó ti pa. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yóò fún ọ ní ìmọ̀. Ìfọ́nnu nìkan ni o lè rí gbà nínú èkejì.

ÌLAPA ÈRÒ

(a) Ìfáárà: ọdẹ àti ilẹ̀ wa, ohun tí àròkọ fẹ́ fi hàn.
(b) Ìdí tí ọdẹ fi ń ko ẹranko búburú ju àgbẹ̀ lọ.
(d) Ẹkùn: ohun tí a ń ṣe àti ohun tí a kì í ṣe.
(e) Ẹfọ̀n tí ó fara gbọta: àpẹẹrẹ kan.
(ẹ) Túrùkú, erin àti ejò.
(f) Bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ òkèèrè.
(g) Ewu tí ọdẹ jẹ́ fún ọdẹ. Ohun tí òfin wí.
(gb) Ìgúnlẹ̀.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Kò sí bí a ó ṣe sọ ìtàn Òṣogbo tí a kò ní dárúkọ ọdẹ. Ìtàn sọ pé Tímẹ́hìn, ọdẹ aperin, ni ó rí odò Ọ̀ṣun nígbà tí ọ̀dá omi dá àwọn ará Ìpólé, kí òun àti Láróòyè tó kó àwọn ènìyàn wọn wá tẹ̀dó sí etí odò náà. Ní ọ̀dọ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú, Ọmọ Ọ̀wá, ọmọ Ẹkùn ni a ń pe ara wa. Ẹni tí ó bá ń jẹ́ ọmọ ẹkùn yẹ kí ó mọ ìwà ẹkùn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń gbé ìbọn kọ́ èjìká rò pé ìbọn náà nìkan tó láti dáàbò bo àwọn, tàbí pé àfẹ́ẹ̀rí tí àwọn so mọ́ra ti parí iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ọ, ìwọ òǹkàwé mi, ni pé ìmọ̀ ìwà ẹran àti sùúrù ni ó ń mú ọdẹ padà wálé. Bàbá mi àgbà ní oońdè lọ́rùn, wọ́n sì ní ìbọn ṣakabùlà, ṣùgbọ́n n kò rí i kí wọ́n wọ igbó láìkọ́kọ́ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Ó yẹ kí o mọ ìdí tí ọdẹ fi ń ko ẹranko búburú ju àgbẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ a máa kọrin lọ sí oko, àwọn obìnrin tí ó ń ṣa igi a máa sọ̀rọ̀, a máa rẹ́rìn-ín. Ẹran gbọ́ wọn, ó sì ti yà kúrò lọ́nà kí wọ́n tó dé. Ọ̀tọ̀ ni ti ọdẹ. Ó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn, kò sọ̀rọ̀, ó sì ń kọjú sí atẹ́gùn kí ẹran má baà gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà tí ó fi ń sún mọ́ ẹtu ni yóò fi já lu ẹfọ̀n tí ó sùn sábẹ́ igi láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì mọ̀. Nítorí náà, bí ìwọ bá fẹ́ rìn bí ọdẹ, ojú rẹ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju ẹsẹ̀ rẹ lọ. Wo ipasẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Wo imí ẹran bóyá ó ti gbẹ tàbí ó ṣì ń rú èéfín. Bí àwọn ọ̀bọ bá ń ké tantan lórí igi, tí kì í sì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń wò, dúró. Kí o tó kúrò nílé, sọ ìhà ibi tí o ń lọ fún ará ilé rẹ, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti wá ọ.

Ẹranko àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí ni ẹkùn. Àwọn àgbà ní bí ẹkùn kò bá fẹ̀, èse là ń pè é. Ẹkùn kì í sábà wá ìjà ènìyàn. Bí ó bá kọ́kọ́ rí ọ, yóò yà kúrò lọ́nà, o lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìgbà tí ó ń di ewu ni ìgbà tí o bá sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ìgbà tí o bá bá a nídìí ẹran tí ó pa, ìgbà tí ó bá fara gbọta, àti ìgbà tí tàkúté bá mú un lẹ́sẹ̀. Bí o bá dé ibi tí o dẹ tàkúté sí, tí o kò bá a níbẹ̀, má ṣe bẹ́ sínú igbó láti wá a. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ó wọ́ ọ lọ ń wò ọ́. Bí ẹ bá sì ko ara yín lójúkojú, má ṣe sáré, má ṣe kọ ẹ̀yìn sí i, má sì ṣe lóṣòó. Ohun tí ó bá sá níwájú ẹkùn ti di oúnjẹ lójú rẹ̀. Dúró gbọnin, gbé apá àti ìbọn rẹ sókè kí o lè tóbi lójú rẹ̀, fi ohùn líle sọ̀rọ̀, kí o sì máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Má ṣe dí ọ̀nà tí yóò gbà lọ. Ẹranko tí ó bá ní ọ̀nà àbáyọ kì í sábà jà.

Ṣùgbọ́n ẹran tí ó ń ba àgbà ọdẹ lẹ́rù jù ni ẹfọ̀n, pàápàá ẹfọ̀n tí ó ti fara gbọta. Ẹfọ̀n tí kò gbọgbẹ́ a máa sá bí ó bá gbọ́ òórùn ènìyàn. Èyí tí ó gbọgbẹ́ a sá díẹ̀, a yí po, a sì padà wá lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ ipasẹ̀ ara rẹ̀. Ọdẹ tí ó tẹjú mọ́ ẹ̀jẹ̀ lórí ilẹ̀ yóò kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀. Bàbá mi àgbà sọ fún wa pé nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ mẹ́ta tí wọ́n jọ lọ sí ìhà Ọwẹ́nà yìnbọn lu ẹfọ̀n kan nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára koríko, ọkàn àwọn méjì yòókù sì ti fò tẹ̀ lé e. Bàbá mi àgbà kọ̀, wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn ẹgbẹ́ wọn pè wọ́n ní ojo. Wọ́n ní ojú ti àwọn, ṣùgbọ́n àwọn jókòó, nígbà tí àwọn méjèèjì sì rí i pé wọn kò dìde, àwọn náà jókòó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ ipasẹ̀ náà pẹ̀lú ajá, ẹnì kan ń wo ilẹ̀, ẹnì kan ń wo ọ̀tún, ẹnì kan ń wo òsì. Wọn kò rìn jìnnà. Ẹfọ̀n náà ti kú sí ẹ̀yìn igbó ṣúúrú kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹran tí ó ń sá ni ó kú. Ó kọjú sí ipasẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbà kọjá. Gbogbo koríko ibẹ̀ ni ó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ni ó ń dúró dè títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Bàbá mi àgbà ní láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kò ti pe àwọn ní ojo mọ́.

Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Bí ẹran ńlá bá fara gbọta, dúró. Jẹ́ kí ó rẹ̀ ẹ́. Má ṣe tọ̀ ọ́ ní òkùnkùn, má sì ṣe dá tọ̀ ọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹfọ̀n kọ lù ọ́, igi ni kí o wá. Gun èyí tí ó bá gbà ọ́. Bí kò bá sí, fi ìdí igi ńlá ṣe ààbò láàárín ìwọ àti òun. Sùúrù tí o kò ní lórí ilẹ̀, wàá fi agbára ní in lórí igi.

Túrùkú kéré sí ẹfọ̀n, ṣùgbọ́n má ṣe fojú di í. Eyín rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ ọdẹ ni ó sì ń fà ya. Kò lè gun igi. Bí o bá dúró sórí kùkùté gíga, o ti bọ́. Ní ti erin, yà kúrò lọ́nà fún un ní kíákíá nígbà tí ó ṣì jìnnà, lọ sí ibi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé òórùn rẹ tọ̀ ọ́ lọ, má sì ṣe bọ́ sí àárín ìyá àti ọmọ rẹ̀ láé. Ejò kò fẹ́ràn ìjà, ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ àti ọká a máa sùn sínú ewé gbígbẹ, wọn kì í sì í tètè kúrò bí ènìyàn bá ń bọ̀. Wọ bàtà tí ó bo kókósẹ̀, má sì ṣe ki ọwọ́ bọ ihò tí ojú rẹ kò dé. Bí ejò bá bu ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ jẹ, má ṣe fi abẹ gé ojú ibẹ̀, má ṣe fi okùn dè é pinpin, má sì jẹ́ kí ó rìn bí o bá rí ẹni gbé e. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ láìdúró.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, béárì, ẹranko tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, ni ó ń dẹ́rù ba ọdẹ. Bí wọ́n bá pa ẹran ńlá ní orí òkè tí ó jìnnà sí ilé, òórùn ẹ̀jẹ̀ a máa fa béárì wá. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ọdẹ níbẹ̀ ni pé kí ó tètè kun ẹran náà, kí ó gbé e jìnnà sí ìfun rẹ̀, kí ó sì máa wo ọ̀ọ́kán dáadáa bí ó bá padà wá kó èyí tí ó kù. Wọ́n ní kí ó má ṣe sá fún béárì, nítorí pé béárì yára ju ènìyàn lọ. Ọ̀pọ̀ a máa gbé agolo tí wọ́n rọ omi ata sí dání, láti fọ́n ọn sí i lójú bí ó bá ń bọ̀. Bí béárì pupa bá ti gbá ènìyàn mú nítorí pé ó dẹ́rù bà á, kí ó dojú bolẹ̀, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọrùn, kí ó má sì mira. Ìwọ náà rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni: mọ ẹran, má ṣe sáré, má sì jẹ́ kí ẹran tí o pa di ohun tí yóò pa ọ́.

Ewu kan tún kù tí kò ní ìwo, tí kò sì ní eyín. Ewu náà ni ọdẹ fúnra rẹ̀. Ní òru, iná orí ọdẹ a tan mọ́ ojú ẹran, ojú náà a sì máa dán. Ṣùgbọ́n ojú ajá ń dán, ojú màlúù ń dán, iná orí ọdẹ mìíràn náà sì ń tàn láàárín ewé. Àwọn baba wa ní àjànàkú kọjá ‘mo rí nǹkan fìrí’. Bí a bá rí erin, kí á sọ pé a rí erin. Ẹni tí ó bá yìnbọn sí ‘nǹkan fìrí’ lè gbé òkú ọmọ ìyá rẹ̀ wálé. Má ṣe fa ìbọn títí o ó fi rí ẹran náà, orí àti ara.

Rántí òfin pẹ̀lú. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1985 ka ẹkùn mọ́ àwọn ẹranko tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa. A kò gbọdọ̀ dọdẹ nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbà ìpamọ́ ẹranko ti Ọ̀yọ́-Ilé, níbi tí ẹfọ̀n ṣì wà. Nínú igbó Ìjẹ̀ṣà lónìí, tí oko kòkó ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀yà, ẹtu àti òòrẹ̀ ni ọdẹ ń rí ju ẹran ńlá lọ. Ṣùgbọ́n ejò kò tíì lọ, òkùnkùn kò tíì lọ, ìkánjú ọmọ ènìyàn náà kò sì tíì lọ.

Ní ìparí, ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: mọ ìwà ẹran kí o tó mọ ìbọn yìn, dúró nígbà tí ara rẹ ń sọ pé kí o sá, jókòó nígbà tí ojú ń tì ọ́ láti jókòó. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà tí ó jẹ nínú igbó, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kankan jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọdẹ tí kò padà dé kò ní ẹran tí yóò pín. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ilé náà sì ni àbọ̀ ìsinmi igbó.

ÀKÍYÈSÍ

1. A mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àròkọ yìí gùn ju èyí tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ lọ, kí o lè rí ohun tí o ó mú àti ohun tí o ó fi sílẹ̀. Bí àkókò kò bá tó, mú ẹkùn àti ẹfọ̀n, kí o fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ó sàn kí o ṣàlàyé ẹranko méjì dáadáa ju kí o ka orúkọ mẹ́wàá lọ.

2. Wo gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú àwọn ìpínrọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ ohun tí ìpínrọ̀ náà dá lé lórí, kí òǹkàwé má baà ṣìnà.

3. Ìtàn kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ìpínrọ̀ kan ni ó sì gbà. Ìtàn náà kò gba iṣẹ́ àlàyé ṣe. Ó kàn fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni. Bí ìtàn rẹ bá gba ojú ìwé kan, o ti kúrò lórí àròkọ alálàyé, o ti bọ́ sórí àròkọ asọ̀tàn.

4. Òwe mẹ́rin péré ni a lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó ti wúlò. Má ṣe to òwe jọ bí ẹni to iṣu sí ọjà.

5. Fi àmì ohùn sí ibi tí ó yẹ. Ẹfọ̀n ni ọdẹ ń pa ní igbó. Ẹ̀fọn ni ó ń jẹ wá ní òru. Ẹni tí ó bá kọ pé ọdẹ gun igi nítorí ẹ̀fọn yóò pa ẹni tí ń ṣe máàkì lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní rí máàkì gbà.

IṢẸ́ ṢÍṢE

(a) Tọ́ka sí ìdí mẹ́ta tí bàbá àgbà inú àròkọ yìí fi lè kọ̀ láti tọ ẹfọ̀n náà lọ ní alẹ́.

(b) Kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa bá ọdẹ lọ sí igbó ní òru, kí o sì fún un ní ìmọ̀ràn.

(d) ‘Iṣẹ́ ọdẹ kò wúlò mọ́ ní ayé òde òní.’ Jiyàn fún un tàbí kí o jiyàn takò ó.